Ibi tí sílébù parí sí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé

Nínú èdè Yorùbá, fáwẹ̀lì ni ó ń parí sílébù, àfi ti kọ́ńsónáǹtì aránmú aṣesílébù tí ó máa ń dá dúró, bí irú èyí tí ó wà nínú "ń lọ". Sílébù Faransé ní tirẹ̀ lè parí sí fáwẹ̀lì, ó sì lè parí sí kọ́ńsónáǹtì. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fi ń ṣíde ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí òun ni ó ń mú kí ọmọ Yorùbá fi fáwẹ̀lì kún ìdí "il parle", bẹ́ẹ̀ sílébù kan ṣoṣo ni "parle", orí "l" ni ó sì ti parí.

Ìpín náà fúnra rẹ̀ kò le. Kọ́ńsónáǹtì kan láàárín fáwẹ̀lì méjì ń bá sílébù tí ó tẹ̀lé e lọ, bí i fi-nir. Bí ó bá jẹ́ méjì, a ó yà wọ́n, bí i por-ter, àyàfi tí irú "b" tàbí "t" bá ṣáájú "l" tàbí "r", bí i dou-bler àti vi-brer.

Ibi tí ó ti gba àròjinlẹ̀ ni fáwẹ̀lì "e". Nínú a-che-ter, "e" àárín kò lágbára, àwọn tí ó ni èdè sì sábà máa ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ pé "j'achète", "e" ìparí kò dún mọ́, "t" wá di ìlẹ̀kùn tí ó ti sílébù tí ó gbẹ̀yìn, "e" aláìlágbára kò sì lè dúró níbẹ̀. Ó ní láti di "ẹ" wa gan-an. Iṣẹ́ kan náà ni "l" méjì ń ṣe nínú "j'appelle" àti "t" méjì nínú "je jette". Bákan náà ni es-pé-rer ṣe ń di "j'espère", tí ó sì ń padà sí "é" nínú "nous espérons". Èyí rọrùn fún wa, nítorí "é" Faransé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá "e" wa dọ́gba, "è" sì bá "ẹ" mu. Ṣùgbọ́n àmì orí wọn kì í ṣe àmì ohùn rárá, ẹ má ṣe gbé ohùn sókè nítorí "é" tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí "è". Àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1990 pàápàá gba kí a kọ "je cèderai" dípò "je céderai", kí àkọsílẹ̀ lè bá ohun tí ẹnu ń pè mu.

Ní ti "-ent" tí ó wà ní ìparí "ils parlent", a kì í pè é. Bí "il parle" ṣe dún ni ó ṣe dún. Àmọ́ "il vend" parí sí fáwẹ̀lì aránmúpè, nígbà tí "d" dún ketekete nínú "ils vendent". Nínú "il vient", fáwẹ̀lì aránmúpè ni. Nínú "ils viennent", fáwẹ̀lì náà kò ránmú mọ́, "n" gan-an ni a ń pè.

Sílébù tún máa ń ré kọjá ààlà ọ̀rọ̀: "il aime" di i-lẹm, "ils aiment" sì di il-zẹm. "Z" yìí kò sí nínú èdè wa, bí a bá sì fi "s" rọ́pò rẹ̀, "ils ont", ìyẹn "wọ́n ní", yóò di "ils sont", ìyẹn "wọ́n jẹ́". Ẹ gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, ẹ pe "s" gígùn, kí ẹ wá jẹ́ kí ohùn dún sí i láìyí ahọ́n padà. Nígbà tí ọ̀fun bá gbọ̀n lábẹ́ ìka, "z" ni ẹ ń pè yẹn.