Bí Ṣéènì àti Eyín Kẹ̀kẹ́ Eré Àtijọ́ Ṣe Ń Jẹ Ara Wọn, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Pààrọ̀ Wọn

Kẹ̀kẹ́ eré tòkunbọ̀, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò tí táyà rẹ̀ sì tín-ín-rín, kì í pẹ́ fi àìsàn rẹ̀ hàn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, yóò máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá wá di ibi tó ga díẹ̀, tí ẹni tó gùn ún tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gidi, gbà! ṣéènì á fò, ẹsẹ̀ á já sófo. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé wọ́n á lọ ra ṣéènì tuntun. Wọ́n á fi í sí i, wọ́n á tún gùn ún, yóò tún máa fò, nígbà mìíràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni ẹjọ́ á délẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á: ayédèrú lo tà fún wa. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú irú ẹjọ́ báyìí, ṣéènì tuntun kì í sábà jẹ̀bi. Eyín tí wọ́n gbé e lé lórí ló ti jẹ.

Oríkèé ni ṣéènì látòkèdélẹ̀. Láti àárín píìnì kan dé àárín èkejì, ìdajì ínǹṣì ni, ìyẹn mìlímítà 12.7. Ìwọ̀n yìí kan náà ló wà lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ní 1970 àti lára èyí tí wọ́n ṣe lánàá. Wọ́n gé eyín àwo iwájú, èyí tí pẹ́dà ń yí, àti eyín àwọn àwo ẹ̀yìn lọ́nà tí rólà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin roboto tó ń yí lórí píìnì, á fi jókòó sí kòtò tirẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń lọ, píìnì kọ̀ọ̀kan ń ha inú ihò tó wà. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ṣéènì ti fà. Irin ò fà rárá. Àlàfo tó yọ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ló kó ara wọn jọ. Kí oríkèé kan fi mìlímítà 0.06 pére gùn sí i, ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n oríkèé 24 á ti fi nǹkan bíi mìlímítà 1.5 gùn.

Ṣéènì tó ti gùn báyìí kì í jókòó sí ìdí eyín mọ́, òkè eyín ló ń gùn lọ. Ẹrù tó yẹ kí eyín púpọ̀ jọ gbé, ọ̀kan tàbí méjì ló kù tí yóò máa gbé e. Eyín yẹn á wá máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó, á sì tẹ̀ sápá kan. Ṣéènì tó jẹ àti eyín tó jẹ a máa mọwọ́ ara wọn, wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ láìfò. Tí wọ́n bá wá gbé ṣéènì tuntun, tí ìdajì ínǹṣì rẹ̀ ṣì pé, lé irú eyín bẹ́ẹ̀, kò ní í ríbi jókòó. Àwọn àwo ẹ̀yìn kéékèèké tí wọ́n ń lò jù ló kọ́kọ́ ń fò.

Rúlà onírin tó ní ínǹṣì 12 ti tó láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣéènì á wà lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á fa á le. Wọ́n á fi ìbẹ̀rẹ̀ rúlà sí àárín píìnì kan, wọ́n á ka píìnì 24 síwájú. Tí ṣéènì bá ṣì dá, àárín píìnì yẹn á bọ́ sórí ínǹṣì 12 géérégé. Tó bá ti fi 1/16 ínǹṣì kọjá, ṣéènì ti tó pààrọ̀, eyín sì lè ṣì dára. Tó bá ti fi 1/8 ínǹṣì kọjá, eyín ẹ̀yìn ti bá a lọ, owó ṣéènì nìkan kò lè tán ọ̀rọ̀ náà mọ́. Níwájú, ìka ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: tí wọ́n bá fa ṣéènì síta níbi tó ti yí àwo ńlá ká, tó sì gbéra débi pé ìdajì eyín hàn, nǹkan ti jẹ níbẹ̀. Ṣéènì ló rọjú jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá ń tètè pààrọ̀ rẹ̀ lè lo méjì sí mẹ́ta lórí eyín kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì ní kí ó máa jẹ lọ á ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọyẹ́ ló ń mú kí ṣéènì tètè jẹ ní agbègbè yìí. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, eruku a máa bà lé gbogbo nǹkan, àwọn ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà náà sì ń tú eruku pupa tiwọn. Tí eruku bá pàdé ọ́ìlì, ó di ohun tó ń lọ irin. Àṣà kan tó wọ́pọ̀ tí kò dára rárá ni fífi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pa ṣéènì, èyí tí mẹkáníìkì fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀fẹ́ ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń lẹ eruku, ó sì ti gbé irin lẹ́búlẹ́bú wá láti inú ẹ́ńjìnnì tó ti wá. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi fọ ṣéènì. Tó bá gbẹ, kí wọ́n kán ọ́ìlì tó fúyẹ́, bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ, sórí rólà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi àkísà nu ìta rẹ̀ dáadáa. Inú oríkèé ló nílò ọ́ìlì. Èyí tó bá kù síta, oúnjẹ eruku ni.

Tí rúlà bá ti fi hàn pé eyín náà ti lọ, iṣẹ́ ìwádìí ló kù kí owó tó jáde, torí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kò rí bákan náà. Oríṣi méjì ni àwo ẹ̀yìn. Fíríwíìlì ni ti àtijọ́: eyín àti ohun tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ odidi kan, tíréèdì ni wọ́n sì fi dè é mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín wíìlì. Kásẹ́ẹ̀tì ni èkejì: ohun tó ń dún wà lára họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, eyín nìkan ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́, tí wọ́n á fi nọ́ọ̀tì kan dè é. Shimano, ilé-iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, gbé irú họ́ọ̀bù yìí jáde ní 1978, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó kárí. Láti mọ èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́, wọ́n á yọ wíìlì ẹ̀yìn, wọ́n á yí eyín sẹ́yìn, wọ́n á sì máa wo ibi tí irin ìtú rẹ̀ ń wọ̀ ní àárín. Tí ibẹ̀ bá ń bá eyín yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Tí ibẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ tí eyín nìkan ń yí, fíríwíìlì ni.

Lẹ́yìn èyí ni àlàfo tí wíìlì ẹ̀yìn ń wọ̀, láàárín ẹsẹ̀ férémù méjèèjì. Mìlímítà 120 ni ti kẹ̀kẹ́ aláwo ẹ̀yìn márùn-ún, 126 ni ti oní-mẹ́fà tàbí méje, 130 sì ni ti oní-mẹ́jọ títí dé mọ́kànlá. Férémù onírin ṣe é yà láti 126 sí 130, tí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ bá rọra ṣe é. Iná kò gbọ́dọ̀ kàn án o. Wẹ́ẹ́dà tó bá ní kí òun mú un gbóná kó lè rọ̀ ń ba férémù jẹ́ ni. Tí férémù bá sì jẹ́ alumíníọ́mù, kí wọ́n má tilẹ̀ dán yíya rẹ̀ wò.

Tíréèdì náà ní ìtàn tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó wá láti Ìlú Ọba, àti ọ̀pọ̀ ti Japan, ń lo fíríwíìlì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 1.37 pẹ̀lú tíréèdì 24 nínú ínǹṣì kan, òun náà ló sì wọ́pọ̀ lónìí. Àwọn kẹ̀kẹ́ Faransé àtijọ́ yàtọ̀: mìlímítà 34.7 ni tiwọn. Àwọn tó mọ Peugeot 504 lójú títì lè má mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú, irú rẹ̀ sì máa ń bọ́ sínú ẹrù tòkunbọ̀. Ìyàtọ̀ méjèèjì kéré débi pé ẹni tó bá fi agbára dè é á rò pé ó wọlé, títí tí ojú họ́ọ̀bù á fi fọ́.

Ọwọ́ jíà, èyí tí wọ́n fi ń yan àwo, ló kù. Ní 1984 ni Shimano gbé jíà tó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ jáde lára Dura-Ace, ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ìdíje wọn, tí ìdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwo kan. Ti ìṣáájú rẹ̀ kì í dún. Etí àti ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ló ń wá àwo tó fẹ́. Ọ̀pọ̀ ń kórìíra rẹ̀, wọ́n ní ti àwọn baba ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àǹfààní kẹ̀kẹ́ àtijọ́: kò bìkítà bóyá àwo márùn-ún ló wà lẹ́yìn tàbí méje. Ọwọ́ jíà tó ń dún gbọ́dọ̀ bá iye àwo mu, ó sì gbọ́dọ̀ bá apá jíà mu, ìyẹn apá tó ń ti ṣéènì láti àwo kan sí òmíràn lẹ́yìn. Tí ọ̀kan bá yapa, gbogbo rẹ̀ á máa ṣi.

Nítorí náà, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ onífíríwíìlì tí férémù rẹ̀ jẹ́ 126 kò nílò láti máa lépa jíà mọ́kànlá. Fíríwíìlì tuntun onímẹ́fà tàbí oníméje, ṣéènì tó bá a mu àti wáyà jíà tuntun á sọ ọ́ di kẹ̀kẹ́ gidi. Ìyípadà tó yẹ kí wọ́n fowó sí ni iye eyín. Kẹ̀kẹ́ ìdíje àtijọ́ sábà ń ní eyín 52 àti 42 níwájú, tí àwo tó tóbi jù lẹ́yìn sì lè má ju 21 lọ. Pẹ̀lú 42 àti 21, pẹ́dà yí lẹ́ẹ̀kan, wíìlì yí lẹ́ẹ̀mejì, kẹ̀kẹ́ á ti lọ nǹkan bíi mítà 4.2. Tí wọ́n bá fi fíríwíìlì 14 sí 28 rọ́pò rẹ̀, ìyí pẹ́dà kan náà á gbé e lọ mítà 3.15 péré, ẹsẹ̀ á sì rọ̀ níbi òkè. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́dọ̀ wò ni bóyá apá jíà tó kúrú lè gba eyín 28. Òmíràn kì í kọjá 26.

Yíyọ fíríwíìlì ni iṣẹ́ tó ń ba wíìlì jẹ́ jù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wa kẹ̀kẹ́ ni pẹ́dà ń dè é le sí i, ogójì ọdún ìdèle sì lè wà lára rẹ̀. Irin ìtú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí eyín rẹ̀ bá inú fíríwíìlì yẹn mu gẹ́lẹ́. Tí kò bá sí, àwọn kan á gbé òòlù àti ṣísẹ́lì, inú fíríwíìlì á fọ́, kò sì ní í sí ohun tí wọ́n á tún fi dì í mú. Tó bá wà, wọ́n á fi nọ́ọ̀tì ọ̀pá àárín wíìlì dì í mú kó má yọ̀, wọ́n á gbé e sẹ́nu fáìsì ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́ẹ́dà, wọ́n á sì fi ọwọ́ méjèèjì di rímù mú, kí wọ́n yí odidi wíìlì sápá òsì. Bó bá ti rọ̀ díẹ̀, kí wọ́n dẹ nọ́ọ̀tì yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá á gé. Tuntun kò gbọ́dọ̀ wọlé láìsí gírísì lójú tíréèdì.

Ṣéènì tí wọ́n ń tà fún kẹ̀kẹ́ gbogbogbòò tí kò ní jíà fẹ̀ jù. Inú rẹ̀ jẹ́ 1/8 ínǹṣì, ti kẹ̀kẹ́ oníjíà sì jẹ́ 3/32. Ti ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní 428 náà jẹ́ ìdajì ínǹṣì láti píìnì dé píìnì, èyí ló ń tan àwọn kan jẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 8. Fún àwo márùn-ún sí mẹ́jọ lẹ́yìn, ṣéènì tí wọ́n kọ 6/7/8 sí lára ni. Láti mọ gígùn rẹ̀, wọ́n á gbé e yí àwo tó tóbi jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn láìgba inú apá jíà, wọ́n á fi oríkèé méjì kún un, wọ́n á gé ìyókù.

Níwájú, tí ọ̀pá pẹ́dà bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, bọ́ọ̀lù inú férémù ló ti jẹ. Ti àtijọ́ máa ń ní bọ́ọ̀lù oní-1/4 ínǹṣì mọ́kànlá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù tuntun àti gírísì lè tó, àfi tí ojú ọ̀pá tí wọ́n ń sá lé bá ti gbẹ́ kòtò. Ìkìlọ̀ kan: lára kẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba, ife irin tí bọ́ọ̀lù apá ọ̀tún wà nínú rẹ̀, níbi tí ṣéènì wà, ń tú sápá ọ̀tún ni. Ọ̀pọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe ti fi gbogbo agbára dè é le nígbà tí wọ́n rò pé àwọn ń tú u. Ti Ítálì àti ti Faransé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtò apá jíà ló kẹ́yìn. Síkúrù kékeré méjì wà lára rẹ̀, tí wọ́n kọ H àti L sí. H ń dá ṣéènì dúró kó má bọ́ síta níbi àwo tó kéré jù, L sì ń dá a dúró kó má kó sínú sípóòkù níbi èyí tó tóbi jù. Ti L ni kí wọ́n fara balẹ̀ tò jù, torí ṣéènì tó bá kó sínú sípóòkù lè fa apá jíà já. Bí wọ́n ṣe ń to kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ léra, ìkọ́ tí apá jíà rọ̀ mọ́ a máa tẹ̀. Kí wọ́n dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí wọ́n wò ó, kí àgbá kéékèèké méjèèjì tó wà nínú rẹ̀ wà lábẹ́ àwo ní òró gangan. Wáyà tuntun a máa dẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Tí jíà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi nígbà náà, kì í ṣe H tàbí L ni kí wọ́n fọwọ́ kàn. Wáyà ni kí wọ́n tún fà le níbi bóòtù tó dì í mú.