Ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́gi kì í ṣe pé ó ń jó

Nígbà kajú, tí ọ̀bọ bá ti ń wọnú oko láàárín Kàbà sí Ìsánlú, ìbọn á dún. Ìyá ló máa ń kú. Ọmọ tó dì mọ́ ọn níkùn kò ní jábọ́, ọdẹ ló máa já a kúrò lára òkú, kí ẹnì kan tó rà á fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa fi ṣeré. Bí ọ̀bọ iwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ṣe ń débẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìyá ọ̀bọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ta ọmọ.

Nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀bọ yìí á máa rìn dé ibi tí okùn mọ, á yí orí, á padà, á tún lọ. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ á dán, koríko ò ní hù níbẹ̀ mọ́. Òmíràn á jókòó máa mì síwá sẹ́yìn, tàbí kó máa fa irun apá ara rẹ̀ tu títí awọ á fi hàn. Àwọn tó ń kọjá á ní ó ń jó, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín sí i.

Nínú igbó, oúnjẹ wíwá ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ọ̀bọ. Á já èso, á tú ewé wá kòkòrò, á máa ṣọ́ idì lójú ọ̀run, á yọ kòkòrò ara kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Okùn gba gbogbo iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ara tó fẹ́ ṣe é ṣì wà níbẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n jù sí i, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi tán. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ara á wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn lílọ bíbọ̀ yẹn.

Ìdí nìyí tí ọgbà ẹranko tó mọṣẹ́ kì í fi àwo oúnjẹ síwájú ẹranko lásán. Wọ́n á ki ẹ̀pà bọ inú igi oníhò, wọ́n á so èso rọ̀ sókè, kó lè fi làágùn kó tó jẹ ẹ́. Àgò ńlá tí kò sí igi tàbí ẹgbẹ́ nínú rẹ̀ kò sàn ju okùn lọ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ gan-an ló ṣòro jù láti dá padà. Ọ̀bọ tó dàgbà sọ́dọ̀ èèyàn nìkan lè má mọ bí wọ́n ṣe ń gun ara wọn tàbí bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ní Calabar, láti 1991, wọ́n ń gba drill, ọ̀bọ ńlá tí Nàìjíríà, Kàmẹ́rúùnù àti erékùṣù Bioko nìkan ní, lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn ín nílé. Wọ́n dà wọ́n pọ̀ di agbo, agbo náà sì ń bímọ.

Fún ọ̀bọ tó wà lórí okùn ní ìlú bíi Mọ̀pà, kí wọ́n kàn tú u sílẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ilé ìdáná ló mọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí, ajá tàbí ìbọn á sì pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kí ẹni tó mọ̀ nípa ẹranko tó gbà á, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n yẹ okùn ìdí rẹ̀ wò: wọ́n so ó nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ti dàgbà, okùn ò dàgbà, ó sì lè ti wọnú ẹran ara. Kí wọ́n wá fọ́n ẹ̀pà sínú koríko gbígbẹ dípò kí wọ́n kó o lé e lọ́wọ́. Á máa tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.