Ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú: ohun tó ń mú owó rẹ̀ wálẹ̀, àti ohun tó túmọ̀ sí fún àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀

Bí ènìyàn bá rí i pé owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti London lọ sí Dublin kò tó owó tí takisí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé pápákọ̀ òfurufú, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé bàálù náà ti gbó, tàbí pé wọn kì í tún un ṣe bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú, irú bíi Ryanair àti easyJet ní ilẹ̀ Yúróòpù, wà lábẹ́ òfin ààbò kan náà pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bàálù tuntun sì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, nítorí pé kì í jẹ epo tó ti àtijọ́. Wọn kò lè pàṣẹ iye tí wọn yóò máa ta epo fún wọn, wọn kò sì lè sọ ìrìn wákàtí kan di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tó kù tí ọwọ́ wọn lè tó ni àkókò tí bàálù fi ń jókòó sórí ilẹ̀, àti àwọn ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n yìí ti gbilẹ̀. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1971 ni Southwest Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín Dallas, Houston àti San Antonio. Nígbà tó di ọdún 1972, owó ti wọ́n wọn débi pé wọ́n ní láti ta ọ̀kan nínú bàálù mẹ́rin tí wọ́n ní. Wọn kò fẹ́ dín iye ìrìn wọn kù, nítorí náà wọ́n pinnu pé mẹ́ta tó ṣẹ́kù ni yóò ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí kò lè ṣeé ṣe àfi bí bàálù bá balẹ̀, tí èrò bọ́ sílẹ̀, tí èrò mìíràn wọlé, tí ó sì tún ṣí kúrò láàárín ìṣẹ́jú 10. Ó ṣeé ṣe, nítorí pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló tọwọ́ bọ iṣẹ́ náà, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù tí wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí bí èrò ṣe ń jáde.

Àkókò ìdúró yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Awakọ̀ dánfó tó gbọ́dọ̀ kówó fún ọlọ́kọ̀ ní alaalẹ́ mọ ìdí rẹ̀ dáadáa: owó ọlọ́kọ̀ kì í dín kù nítorí pé ọkọ̀ fi wákàtí mẹ́ta dúró sí gáréèjì. Bákan náà ni owó tí wọ́n fi ń yá bàálù lò ṣe ń gorí ara, yálà bàálù ń fò tàbí ó jókòó. Ìṣẹ́jú 25 ni Ryanair máa ń ṣètò sílẹ̀ fún ìdúró kan. Bí bàálù kan bá ní ìrìn mẹ́fà lóòjọ́, ìdúró márùn-ún ló wà láàárín wọn. Bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá ń fi ìdajì wákàtí dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì àbọ̀ ni ìyàtọ̀ rẹ̀ lóòjọ́, èyí sì tó fún ìrìn keje. Iye ìrìn lóòjọ́ yìí tún jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí ètò yìí kò fi rọrùn láti gbìn sí Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú kò ti ní iná tí bàálù lè fi balẹ̀ lóru: bàálù tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, iye ìrìn tó lè rìn lóòjọ́ ní òpin, bó ti wù kí ìdúró rẹ̀ kúrú tó.

Ọ̀pọ̀ ohun tí èrò ń pè ní ahun nínú bàálù wọ̀nyí, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń fi í wá. Kò sí àpò lẹ́yìn ìjókòó nínú bàálù Ryanair, nítorí pé inú àpò bẹ́ẹ̀ ni èrò máa ń rọ bébà àti ike sí, ẹni tí yóò sì kó o jáde yóò lo àkókò. Ẹ̀yìn ìjókòó gan-an ni wọ́n lẹ ìlànà ààbò mọ́. Ìjókòó kò ṣeé tì sẹ́yìn, kí ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ má baà pọ̀. Pápákọ̀ tó jìnnà sí ìlú ni wọ́n fẹ́ràn, bíi Beauvais tí wọ́n ń tà fún èrò ní orúkọ Paris, nítorí pé owó ìbalẹ̀ kéré níbẹ̀, bàálù kì í sì í tò de ara wọn. Wọ́n sì máa ń dúró lórí irú bàálù kan, Boeing 737 fún Southwest, ìdílé Airbus A320 fún easyJet, kí awakọ̀ kan lè rọ́pò òmíràn láìsí pé wọ́n ń náwó sórí ẹ̀kọ́ tuntun.

Ta wá ni yóò tún inú bàálù ṣe láàárín ìṣẹ́jú 25? Òṣìṣẹ́ inú bàálù ni. Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Òfin Yúróòpù sọ pé ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà fún ìjókòó 50, tàbí fún èyí tó bá ṣẹ́kù tí kò pé 50. Ẹ kíyè sí i pé ìjókòó ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èrò tó jókòó. Boeing 737-800 ti Ryanair ní ìjókòó 189, nítorí náà òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló ń gbà. Irú tuntun tí wọ́n ń pè ní 737 8-200 ní ìjókòó 197. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin náà ni. Èrò mẹ́jọ kún èrò, ẹnikẹ́ni kò kún òṣìṣẹ́. Ti easyJet tún hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọdún 2022, nígbà tí òṣìṣẹ́ kò tó, wọ́n kéde pé àwọn yóò yọ ìjókòó mẹ́fà tó wà lẹ́yìn nínú Airbus A319 wọn tó ní ìjókòó 156, kí ó lè di 150, kí òṣìṣẹ́ mẹ́ta lè máa ṣe iṣẹ́ tí mẹ́rin ń ṣe.

Kò sí òfin kankan tí wọ́n rú. Ṣùgbọ́n nítorí pàjáwìrì ni wọ́n ṣe ṣe ìṣirò òfin náà, ìyẹn iye ènìyàn tó lè ṣílẹ̀kùn kí wọ́n sì kó èrò jáde bí iná bá sọ. Oúnjẹ àti lọ́fínńdà tí wọ́n ń tà láàárín ìjókòó, owó tí wọ́n ń kà, ìdọ̀tí tí wọ́n ń ṣà, kò sí ọ̀kan nínú ìṣirò náà. Ọjà títà yìí kì í sì í ṣe eré, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ìpín lórí ọjà tí òṣìṣẹ́ bá tà wà lára owó tó ń mú relé.

Ọ̀rọ̀ wákàtí náà rí bẹ́ẹ̀. Òfin Yúróòpù kò gbà kí awakọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ inú bàálù fò ju wákàtí 900 lọ nínú ọdún kan, tàbí ju 100 lọ láàárín ọjọ́ 28. Ẹnu ààlà ni òfin pè é; àwọn olówó pọ́ọ́kú fi ṣe àfojúsùn, wọ́n sì ń ṣètò iṣẹ́ kí ó lè sún mọ́ ọn bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ohun mìíràn tí èrò kì í mọ̀ ni pé ìgbà tí bàálù bá kúrò lójú ibi tó dúró sí ni wọ́n ti ń ka wákàtí fífò, títí di ìgbà tó bá tún dúró. Ìṣẹ́jú 25 tí òṣìṣẹ́ fi ń sáré kiri lórí ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú àpapọ̀ wákàtí iṣẹ́, èyí tí kò gbọ́dọ̀ ju 60 lọ láàárín ọjọ́ méje. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi wákàtí fífò ṣírò owó, a jẹ́ pé àkókò tí iṣẹ́ le jù ni owó rẹ̀ kéré jù.

Kí a má fi igbá kan bọ̀kan nínú, ètò yìí ní ohun tó dára fún òṣìṣẹ́. Nítorí pé owó hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ìnáwó, bàálù máa ń padà sí ibùdó rẹ̀ ní alẹ́, òṣìṣẹ́ a sì sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀, ohun tí àwọn tó ń fò lọ sí ọ̀nà jíjìn kì í sábà rí. Awakọ̀ Ryanair mọ̀ pé bí òun bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, òun yóò sinmi ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò ní gbà ni ibẹ̀ sì ti di awakọ̀.

Èyí tó fa ìjà jù lọ ni àdéhùn iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé-iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi ń gba púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ inú bàálù Ryanair, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ Írẹ́lándì, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òfin Írẹ́lándì ni yóò darí iṣẹ́ náà, kódà bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ ará Pọ́túgà tó ń gbé Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn òṣìṣẹ́ kan tí ibùdó wọn wà ní Charleroi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dáhùn pé àdéhùn kò lè dí wọn lọ́nà láti pẹjọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ti gidi, pé ibùdó tí òṣìṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó sì ń parí rẹ̀ sí jẹ́ àmì pàtàkì láti mọ ibẹ̀, àti pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ bàálù sílẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀.

Nínú oṣù yẹn kan náà ni Ryanair fagi lé ìrìn tó tó 2,000, nítorí pé ètò ìsinmi àwọn awakọ̀ dojú rú. Ẹni tó ń fi wákàtí àwọn ènìyàn sún mọ́ ẹnu ààlà kò ní àyè fún àṣìṣe. Nígbà tó di oṣù Ọ̀pẹ, pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì tó ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ jókòó sọ̀rọ̀. Ìyanṣẹ́lódì ṣì wáyé káàkiri Yúróòpù ní ọdún 2018, lẹ́yìn rẹ̀ ni àdéhùn tó dúró lórí òfin orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ní tirẹ̀ kò yí padà.