Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni ẹyin ajá

Àwọn tó ń sin ajá tà ní Mushin àti Surulere fẹ́ràn láti máa sọ pé nígbà tí ajá ìgboro ń bí méje láìsí dókítà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ gidi ló yẹ kó lè ṣe ọlẹ̀ ajá (oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀) nínú abọ́, ìyẹn kó da ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní ìta ara, èyí tí wọ́n ń pè ní IVF. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọdún 1989 ni wọ́n ti gbẹ̀bí irú ọmọ ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà níbí. Ti ajá kò ṣeé ṣe títí di 2015, ní Yunifásítì Cornell, Amẹ́ríkà.

Ẹyin obìnrin, ti màlúù, ti ewúrẹ́, wọ́n ti pọ́n kí wọ́n tó já kúrò ní ilé ẹyin. Ti ajá ń já ní dúdú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní Mile 12. Inú ọ̀nà ẹyin, ihò tóóró tó lọ sí ilé ọmọ, ló ti máa pọ́n fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni àtọ̀ ti ń bá a, ibẹ̀ náà ni ọlẹ̀ máa wà fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ojú ọ̀nà lásán kọ́ nìyẹn o. Àpò tí wọ́n fi ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Ẹyin tí wọ́n bá yọ tààrà láti ilé ẹyin, tí wọ́n ní kó pọ́n nínú abọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ oníkábáìdì ni: ara á pupa, inú á le gbagidi. Àwọn onímọ̀ ń tún omi abọ́ ṣe, wọ́n ń dín súgà kù, wọ́n ń fún ọlẹ̀ ní ọ́síjìn 5% dípò 21% tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ó ń ran ọlẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ kò lè wo ẹyin tí kò pọ́n dénú sàn.

Ohun tí àwọn ará Cornell ṣe ni pé wọ́n ní sùúrù. Wọ́n fi ẹyin sílẹ̀ nínú ọ̀nà ẹyin fún ọjọ́ kan sí i kí wọ́n tó kó o. Wọ́n wá fi èròjà magnésíọ̀mù sí omi tí wọ́n fi ń múra àtọ̀ sílẹ̀, nítorí pé àtọ̀ ajá ń bá èròjà yìí pàdé nínú ara abo. Ọlẹ̀ 19 ni wọ́n gbé sínú abo kan, ọmọ 7 ló bí. Ọgbọ́n tó dùn mọ́ni ni, torí pé ara ajá gan-an ni wọ́n jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tí abọ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àléébù rẹ̀ kò kéré: wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún abo kí wọ́n tó rí ẹyin pípọ́n, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ló sì máa ń wá akọ.