Okùn mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan? Bí èrò àwọn ajìjàgbara ṣe ń tú ìjọba wò

Asokoro l'Ábùjá ní títì Kwame Nkrumah ti Ghana, ó ní ti Julius Nyerere ti Tanzania. Ti Aminu Kano, olóṣèlú ajìjàgbara láti Kano, wà ní Wuse 2. Pátákó la fi dá wọn lọ́lá, a kì í sábà lo èrò wọn. Bẹ́ẹ̀ èrò náà ṣì mú dáadáa, nítorí pé kì í béèrè bóyá olórí jẹ́ èèyàn rere. Ohun tó ń béèrè ni: okùn mélòó, ìyẹn agbára bí owó, ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti ìbò, ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ta ló sì lè bi í léèrè?

Ẹ wo bí owó orí ṣe ń rìn ní Kano tàbí Zaria láyé òyìnbó. Àgbẹ̀ ń san haraji, darandaran ń san jangali lórí màlúù. Dagaci, ìyẹn baálẹ̀, á gbà á, á kó o fún hakimi tó ń ṣàkóso àgbègbè, hakimi á kó o lọ sí baitulmali, àpò ìṣúra ẹ́míà. Ìjọba òyìnbó á bu ìpín tirẹ̀. Tí àgbẹ̀ bá wá ní iye tí wọ́n bù lé òun ti pọ̀ jù ńkọ́? Dandoka, ìyẹn ọlọ́pàá, tó máa wá mú un, abẹ́ ẹ́míà ló wà. Alkali tó máa dá ẹjọ́ rẹ̀, abẹ́ ẹ́míà náà ni. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n máa jù ú sí, bákan náà. Òyìnbó jókòó sẹ́yìn, owó ń wọlé, ìbínú aráàlú kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ètò yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú NEPU, tí Aminu Kano wá di olórí rẹ̀, tú síta ní 1950. Ìkéde Sawaba wọn sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ìjà ló wà láàárín àwọn talakawa, ìyẹn mẹ̀kúnnù, àti àwọn tó di Native Authority, ìjọba ìbílẹ̀ ẹ́míà lábẹ́ òyìnbó, mú. Gambo Sawaba, ọmọ Zaria, wà nínú wọn. Ìgbà 16 ni wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ó tún rìnrìn àjò lọ sí Abẹ́òkúta láti bá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fojú rinjú, nítorí pé ẹjọ́ kan náà ni: òyìnbó fi Aláké ṣe aláṣẹ, wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin, àwọn obìnrin sì yarí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Àwọn tó ń sọ pé Hausa àti Yorùbá ò lè ronú pọ̀, kí wọ́n rántí ìyá méjì yìí.

Ṣé ká kàn dìbò yan ẹni rere ni? Ní 1979, ẹgbẹ́ òṣèlú PRP ti Aminu Kano gba ipò gómìnà ní Kano àti Kaduna, wọ́n sì fagi lé haraji àti jangali. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NPN, alátakò wọn, ló pọ̀ jù nílé aṣòfin Kaduna. Wọ́n kọ àwọn kọmíṣọ́nnà tí Balarabe Musa, gómìnà Kaduna, fà kalẹ̀, ó ń dá ṣèjọba láìsí wọn, títí wọ́n fi yọ ọ́ nípò ní oṣù kẹfà 1981. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Okùn kan ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn yòókù ò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Ní báyìí, ẹ lọ sí Suleja tàbí Mararaba, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábùjá ń sùn sí. Ìyá aláta mọ ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún un láràárọ̀, ó mọ ìgbà tó máa yọ. Tí gọ́tà bá dí, kò mọ ẹni tó máa ké sí. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò àjùmọ̀ni pẹ̀lú ìpínlẹ̀, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, tí gómìnà yan àwọn tó wà níbẹ̀, ló sì ń ṣètò ìbò alága. Ojú ta ni alága fẹ́ máa wò, ti aláta ni àbí ti gómìnà? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó náà máa lọ tààrà sí ìjọba ìbílẹ̀. Okùn owó nìyẹn. Ní ti okùn ìbò, wọn ò gba ètò rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀.

L'Ábùjá gan-an, kò sí gómìnà rárá. INEC ló ń ṣètò ìbò alága, ìyẹn sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1976 ni òfin ti fi gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, mínísítà ló sì ń pín in, ààrẹ ló ń yan mínísítà. Ẹni tó ń gbé Kubwa lè dìbò lé alága tó ń gba owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè dìbò lé ẹni tó lè wó ilé rẹ̀.