Bí Wọ́n Ṣe Ń To Ìjà Fíìmù ní Hong Kong

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ́ inú fíìmù ni kì í kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ́ á kọjá níwájú ojú, yóò ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan kó débẹ̀, kámẹ́rà á sì wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kí àlàfo náà má bàa hàn. Ẹ gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, àṣírí tú. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n “lù” gan-an ni iṣẹ́ wà. Bó bá tètè yí orí, ó ti jọ ẹni tó ń yẹ ẹ̀ṣẹ́. Bó bá pẹ́, ẹ̀ṣẹ́ náà di yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá tó ń to ìjà, ìyẹn àwọn tó ń ṣètò bí ìjà yóò ṣe lọ, fi máa ń kó ikọ̀ tiwọn rìn, àwọn tí wọ́n ti jọ ń ṣubú tipẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ opera irú ti Beijing (eré orí ìtàgé olórin ti ilẹ̀ Ṣáínà), ní Hong Kong níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Jackie Chan àti Sammo Hung jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Yu Jim-yuen: òkìtì, orin, ọ̀kọ̀ àti idà. Jackie lo nǹkan bí ọdún 10 níbẹ̀. Nígbà tí opera ò mówó wọlé mọ́, wọ́n lọ ń ṣubú dípò àwọn gbajúmọ̀ òṣèré, kó tó di pé wọ́n ń to ìjà fúnra wọn. Agogo àti ìlù opera ò kúrò lára wọn: ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin, ìdákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń to ìjà ní Hong Kong ló tún máa ń sọ ibi tí kámẹ́rà yóò dúró. Wọn á ya ìgbésẹ̀ díẹ̀, yóò tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n tó ronú èyí tó kàn. Ó ń jẹ àkókò púpọ̀. Yuen Woo-ping, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà, gbé irú ìlànà yìí lọ sí Amẹ́ríkà fún The Matrix (1999), oṣù bíi mẹ́rin ni àwọn òṣèré sì fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ti ìyára ńkọ́? Àwòrán 24 ni fíìmù ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá fi 22 yà á, tí wọ́n sì fi 24 hàn án, ọwọ́ á yá díẹ̀ sí i, ojú ò sì ní fura. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ìrìn wọn á máa já gìdìgìdì bíi ti fíìmù aláìlóhùn àtijọ́. Wọ́n tún máa ń bu lẹ́búlẹ́bù sára aṣọ, kó lè tú yẹ́ẹ́ bí ìpá bá bà á.

Àmọ́ fífò mìíràn wà tí kò ní irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù kan ní Yugoslavia, Jackie fò láti orí ògiri sórí igi, ó sì ṣe é láìfarapa. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí àwọn tún un yà. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ka igi dá, orí rẹ̀ lọ gbá òkúta, agbárí fọ́, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ ọ́.