Pasta Ítálì: kí ló dé tí ọbẹ̀ kì í fi í dúró lára rẹ̀?

Ìbéèrè: Pasta méjì, ìyẹ̀fun kan náà. Kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ́n ju èkejì lọ?

Lóòótọ́, ìyẹ̀fun kan náà ni. Láti ọdún 1967 ni òfin Ítálì ti là á kalẹ̀ pé àlìkámà líle tó ń jẹ́ durum ni kí wọ́n máa fi ṣe pasta gbígbẹ. Ojú ihò tí wọ́n ti fún un jáde àti bí wọ́n ṣe mú un gbẹ ni ìyàtọ̀ wà. Èyí tó gba ojú idẹ kì í dán. Ó máa ń funfun lára, ó sì máa ń ha ọwọ́. Èyí tó gba ojú Teflon, ike tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, ń dán, ọbẹ̀ á sì máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó ń fara balẹ̀ ṣe é máa ń fún un ní ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru tí kò pọ̀ kó tó gbẹ, ìyẹn ló ń mú kó wọ́n. Ìlú Gragnano, lẹ́bàá Naples, lókìkí fún irú rẹ̀. Láti ọdún 2013 ni òfin Yúróòpù ti ń dáàbò bo orúkọ náà. Ẹ wo ara ọ̀rá rẹ̀: *trafilata al bronzo*, ìyẹn “èyí tó gba ojú idẹ”, ni kí ẹ wá.

Ìbéèrè: Ṣé èyíkéyìí ò lè bá ọbẹ̀ èyíkéyìí lọ ni?

Ó lè bá a lọ, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á dín kù. Ẹ wo orecchiette, pasta kéékèèké tó rí bí etí, ti agbègbè Puglia: ìyẹ̀fun durum 100 gíráàmù sí omi bíi 50, kò sí ẹyin. Ní àdúgbò àtijọ́ ìlú Bari, ẹnu ọ̀nà ilé ni àwọn obìnrin ti ń ṣe é. Wọn á yí ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò kó gùn, wọn á gé e wẹ́wẹ́, wọn á fi ọ̀bẹ fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí pátákó títí yóò fi ká, wọn á wá fi àtàǹpàkò yí i síta. Inú rẹ̀ á jin, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì ní dán. Inú tó jin yẹn ló ń gba cime di rapa, ewé tó korò díẹ̀, tí wọ́n fi áyù, òróró ólífì àti ẹja anchovy sè.

Trofie, pasta kúkúrú ti agbègbè Liguria, lọ́ po, pesto, ọbẹ̀ ewé basil tí wọ́n gún, á sì há sáàárín ìlọ́ rẹ̀. Ní ìlú Bologna, tagliatelle, pasta gígùn tó rí pẹlẹbẹ, ni wọ́n fi ń jẹ ragù, ọbẹ̀ ẹran lílọ̀, kì í ṣe sùpàgẹ́tì: ẹyin 1 sí ìyẹ̀fun 100 gíráàmù.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí tèmi máa ń lẹ̀ pọ̀?

Omi ló kéré, tàbí ẹ ò rò ó. Ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ ni sítáàṣì ara rẹ̀ máa ń fà jù, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ rò ó. Lítà omi 1 ni kí ẹ lò fún 100 gíráàmù, oúnjẹ ẹnì kan nìyẹn. Iyọ̀ gíráàmù 10 sí lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró sí i. Orí omi ló máa léfòó sí. Bí ẹ bá ń sẹ́ ẹ, á lẹ̀ mọ́ pasta, ọbẹ̀ ò ní rí ibi dì mú. Ẹ má sì fi omi tútù ṣàn án.

Tó bá ku ìṣẹ́jú 2 sí àkókò tí wọ́n kọ sára ọ̀rá, ẹ kó o sínú ọbẹ̀ lórí iná, ẹ bu omi tí ẹ fi sè é díẹ̀ sí i, kí ẹ máa yí i. Sítáàṣì inú omi yẹn ló ń so òróró àti omi ọbẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè: Cacio e pepe mi, pasta oníwáràkàṣì àti ata, máa ń di kókó. Ṣé wáràkàṣì ni kò dára?

Ooru ni. Ohun mẹ́ta péré ni àwọn ará Róòmù fi ń ṣe é: tonnarelli (pasta gígùn bíi sùpàgẹ́tì), Pecorino Romano (wáràkàṣì wàrà àgùntàn) àti ata dúdú. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 65°C, purotéènì inú wáràkàṣì á dì mọ́ra. Sítáàṣì ni kì í jẹ́ kó dì, ti inú omi pasta nìkan kì í sì í sábà tó. Fún èèyàn méjì, pasta 200 gíráàmù, pecorino 120 tí ẹ rin kúnná. Ẹ po sítáàṣì àgbàdo gíráàmù 3 mọ́ omi tútù mílílítà 40, ẹ gbé e kaná títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó po wáràkàṣì mọ́ ọn. Ẹ sọ pasta kalẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dà á sí i. Bó bá ki jù, omi pasta díẹ̀ ti tó. Ata ńkọ́? Ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ kí ẹ tó gún un.

Ìbéèrè: Fregola ńkọ́?

Pasta erékùṣù Sardinia ni. Ó rí wóró-wóró, wọ́n sì ti yan án nínú ààrò. Ẹ má sẹ́ omi rẹ̀ nù; omi ẹja gbígbóná ni kí ẹ máa bù sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fà á mu tán.